Ojú oró àti òṣíbàtà inú àdúrà àwọn ìyá wa, ṣé òun náà ni koríko tó bo omi báyìí?

Àbúrò mi kan ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Ó ní ìyá òun tó ń gbé ní Ẹlẹ́yẹlé, n'Íbàdàn, kì í gbàdúrà fóun kó má sọ pé "ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, wàá máa lékè ọ̀tá ẹ", òun dẹ̀ ń ṣe àmín látìgbà tóun ti wà ní kékeré láìmọ nǹkan tí méjèèjì jẹ́, ṣé òun náà ni koríko olódòdó tó bo ojú omi Ẹlẹ́yẹlé, tóun tún lọ bá ní Àgbádárìgì?

Rárá o, kì í ṣe òun. Inú mi dùn pé o béèrè, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti sọ mẹ́ta yẹn di ọ̀kan.

Ká mú ojú oró ná. Òun lèyí tí ewé ẹ̀ ṣù jọ bíi lẹ́túùsì kékeré, kò dúdú, ó rí wúyẹ́wúyẹ́ tó o bá fọwọ́ kàn án torí ó ní irun wẹ́wẹ́ lára. Kò ta gbòǹgbò sínú ilẹ̀ rárá, gbòǹgbò ẹ̀ kàn ń fì nínú omi bí irùngbọ̀n ni. Irun wẹ́wẹ́ yẹn ló ń di atẹ́gùn mú sára ewé, tómi bá ta sí i á kàn yọ̀ dànù. Nígbà tá a wà lọ́mọdé a máa ń tẹ̀ ẹ́ rì, bá a bá ṣe ń ju ọwọ́ sílẹ̀ báyìí ló ń tún fò sókè, a lè fìyẹn ṣeré di ìrọ̀lẹ́.

Òṣíbàtà ní tiẹ̀, ilé ló kọ́. Inú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ omi ló ta gbòǹgbò sí, ó wá na ọ̀pá ewé gígùn sókè, ewé ẹ̀ fẹ̀ bí àwo, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí omi, òdòdó ẹ̀ funfun, alẹ́ ló máa ń là, tó bá fi máa di ọ̀sán á ti pa dé. Tójò bá rọ̀ tómi kún, ọ̀pá yẹn á gùn sí i, ewé á tún wà lókè náà ni. Ẹja kéékèèké ń sá sábẹ́ ẹ̀, ẹyẹ kan dẹ̀ wà tí ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn gan-an, orí ewé òṣíbàtà ló ti máa ń rìn kiri wá oúnjẹ tí ò ní rì, orí ewéko ojú omi náà ló ń yé sí. Ọ̀sà Lẹ́kì lápá Ẹ̀pẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ rí i, mo dúró wò ó títí ọlọ́kọ̀ fi ń pariwo pé ká máa lọ.

Ó yá, àdúrà yẹn ńkọ́? Wo "ní í lékè" yẹn dáadáa. Kò sọ pé ó lékè lánàá, kò sọ pé ó máa lékè lọ́la, ó ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ìwà ẹ̀ ni. Bí ọfọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, wọ́n á pe nǹkan tí ìwà ẹ̀ kì í yí padà, wọ́n á wá so orúkọ èèyàn mọ́ ọn. Àmọ́ kí ló dé tí wọ́n fi pe méjì? Èrò tèmi ni pé ọ̀nà tí wọ́n gbà lékè ò jọra. Ojú oró ò ní ìdí níbì kan, ibi tómi bá gbé e lọ náà ló wà, síbẹ̀ kò rì. Òṣíbàtà nídìí, kò kúrò lójú kan, omi ló ń kún bá a, síbẹ̀ kò bò ó. Tí ìyá ẹ bá pe méjèèjì, ó ti gbàdúrà fún ẹ nílé, ó ti gbà á fún ẹ lẹ́yìn odi.

Èyí tó bo Ẹlẹ́yẹlé tó ní òdòdó àwọ̀ àlùkò, water hyacinth ni. Àwọn Yorùbá kan ń pè é ní gbéborùn, bí wọ́n ṣe ń pe olófòófó tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé, orúkọ yẹn dẹ̀ bá a mu torí kò síbi tí kì í dé. Ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ọdún 1984 ló gba ojú omi láti apá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀ wọ Àgbádárìgì, ó gba ibẹ̀ wọ ọ̀sà Èkó, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì péré ti tó kó di ìlọ́po méjì tómi bá bá a lára mu. Ó máa ń dí oòrùn lójú, ẹja ò ní rí atẹ́gùn tó, ẹ́ńjìnì ọkọ̀ á há, àwọ̀n ò ní ṣeé ju. Lọ́dọ̀ àwọn ará ọ̀sà, iyọ̀ ló ń bá wọn pa á, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tómi òkun wọlé ó máa ń kú, ṣùgbọ́n tójò bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn odò á tún gbé òmíràn wá bá wọn.

Àwa tá à ń gbé ní Ìbàdàn ò ní iyọ̀ tó máa bá wa pa á. Omi ọṣẹ, omi ṣáláńgá, fatiláìsà tójò ń gbá látinú oko, oúnjẹ ẹ̀ nìyẹn, gbogbo ẹ̀ là ń dà sódò. Odò Ọ̀ṣun tí wọ́n sé ní Aṣéjírẹ̀ tá à ń mu, ọ̀sà Lẹ́kì náà ló ń lọ. Mo bẹ̀ yín, tí òdòdó ẹ̀ bá wù yín, ẹ má gbé e lọ sínú adágún ẹja yín. Ó ṣeé lò ṣá o, Achenyo Idachaba, obìnrin oníṣòwò kan tó fi Ìbàdàn níbí ṣe ibùjókòó, ti fi hàn, wọ́n ń sá ọ̀pá ẹ̀, wọ́n ń fi hun apẹ̀rẹ̀ àtàwọn nǹkan inú ilé.

Mi ò ní parọ́ fún ẹ, ojú oró náà máa ń pọ̀ jù nígbà míì, ẹ̀fọn kan wà tí ìdin ẹ̀ ń so mọ́ gbòǹgbò ẹ̀ kó lè rí atẹ́gùn fà. Àmọ́ èyí tó ń dùn mí ni pé táwọn tó ń palẹ̀ omi mọ́ bá dé, wọ́n á hú òṣíbàtà mọ́ gbéborùn, torí kò sẹ́ni tó fi ìyàtọ̀ hàn wọ́n.

Torí náà, tó o bá dé etí omi, wo ọ̀pá ewé. Tó bá wú bíi bọ́ọ̀lù kékeré, gbéborùn ni. Tí ewé bá nírun, tó ṣù jọ, ojú oró ni. Tí ewé bá tẹ́ sórí omi tó dẹ̀ là níbì kan bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e, òṣíbàtà nìyẹn. Ya fótò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó o gbé e fún ìyá ẹ, kó o bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì dá èyí tí wọ́n ń pè mọ̀.