Ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀: ibo ni kí a dé sí ní Òṣogbo?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta là ń gbé. A fẹ́ wá wo ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ: èmi, ìyàwó mi, ọmọ wa méjì (ọdún 8 àti 11) àti màmá mi tí orúnkún ń dà láàmú. Ohun tó wù wá ni ká dé sí àárín ìlú àtijọ́ gan-an, níbi tí a ti lè fẹsẹ̀ rìn dé ààfin àti Igbó Ọ̀ṣun, ká máa wo àwọn ilé petéèsì àtijọ́ láti ojú fèrèsé. Gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń sọ pé àwọn sún mọ́ Igbó Ọ̀ṣun, gbogbo fọ́tò wọn ló sì ń dán. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó dáa?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ọdún, ẹ bá wa kí màmá.

Pẹ̀lú orúnkún màmá àti ọmọdé méjì, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má sùn sí ìdí ààfin. Ẹ sùn sí apá Òkè-Fìà, Ògo-Olúwa tàbí Station Road, kí ẹ máa wọ àárín ìlú ní kùtùkùtù. Ẹsẹ̀ lẹ máa fi wo ilé petéèsì lọ́sàn-án, ọ̀fẹ́ sì ni. Oorun, omi àti iná lẹ ń tìtorí wọn sanwó hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló sì máa ń ṣòro jù ní àdúgbò tó lẹ́wà jù.

Òṣogbo ní àdúgbò àtijọ́ oríṣi méjì. Èkíní ni ti ààfin: Ọjà Ọba, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun àti ojú ọ̀nà Ìbòkun, níbi tí ilé alájà tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olóòrìṣà, gbé wà. Èkejì ni ti rélùwéè. Ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, àwọn oníṣòwò sì tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ni Station Road ṣe kún. Ní àdúgbò ààfin, agboolé ló pọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ ẹbí sì ni. Kò wọ́pọ̀ kí ẹnì kan rí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ti hòtẹ́ẹ̀lì tó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ẹ̀rọ omi tirẹ̀ rà láàárín agboolé mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ fi jẹ́ ilé àlejò kéékèèké, òmíràn nínú ilé àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tó tóbi gba ẹ̀gbẹ́ títì ńlá lọ.

A kò sọ pé ilé àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe kò dáa o. Tí wọ́n bá tún un ṣe dáadáa, ó máa ń tutù ju ilé búlọ́ọ̀kù lọ, nítorí ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn. Ibi tí wàhálà wà ni balùwẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé wọ̀nyẹn, ẹ̀yìnkùlé ni balùwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ wà. Ẹni tó sọ ọ́ di ilé àlejò ní láti gé igun yàrá kan ṣe balùwẹ̀, kí ó sì dá ògiri amọ̀ lu fún páìpù. Tí omi bá ń jò díẹ̀díẹ̀ lára páìpù yẹn, amọ̀ á máa mu ún. Nítorí náà, tí ẹ bá wọ yàrá bẹ́ẹ̀, ẹ wo ògiri tó pààlà pẹ̀lú balùwẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé ibi orúnkún. Tí ọ̀dà ibẹ̀ bá ti wú bí ìléròrò, tàbí tó ń ṣí bí èèpo, tí lẹ́búlẹ́bú funfun sì wà lára rẹ̀, ọ̀rinrin ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Yàrá náà á máa rùn lóru tí ẹ bá ti ti fèrèsé, bí wọ́n tiẹ̀ fín lọ́fínńdà sí i. Ẹ gba òmíràn. Ẹ tún wo àtẹ̀gùn: ọ̀pọ̀ ilé petéèsì ló jẹ́ pé àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló ní, onípákó. Tí iná bá ṣẹ́ yọ nísàlẹ̀, kò sí ọ̀nà míì fún ẹni tó wà lókè. Irin ojú fèrèsé tí kò ṣeé ṣí láti inú wá sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n. Fún ẹni tó mú ọmọ àti arúgbó dání, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gbà, tàbí kí ẹ má gba ilé náà rárá.

Ní ti ọ̀rọ̀ "a sún mọ́ Igbó Ọ̀ṣun" tí wọ́n ń kọ: ìlà tó lọ tààrà ni wọ́n máa ń fi wọ̀n ọ́n lórí máàpù. Ẹ má béèrè kìlómítà. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ béèrè pé, "Láti ẹnu géètì yín, ọkọ̀ mélòó la máa wọ̀ ká tó dé ẹnu ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun, ibo la sì ti máa yí ọkọ̀?" Tí wọ́n bá ní kẹ̀kẹ́ tàbí kòròpé kan ṣoṣo ni, ó dáa. Tí wọ́n bá ní ẹ máa sọ̀ ní Ọláìyá tàbí Old Garage kí ẹ tó wọ òmíràn, ẹ ti mọ ohun tí màmá máa fojú rí nìyẹn, àgàgà lọ́jọ́ ọdún. Ẹni tó bá wà lórí tábìlì ìgbàlejò tí kò lè dáhùn ìbéèrè yìí, ó ṣeé ṣe kí hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wà lẹ́bàá ìlú.

Ọdún Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ kan. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ló ń gbà: Ìwọ́pópó, ìyẹn ìwẹ̀nùmọ́ ìlú, ló ń ṣáájú, wọ́n á tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, Ìboríadé, ìyẹn ìkójọ adé àwọn ọba àná, á wáyé, kí Arugbá, omidan tó ń ru igbá ẹbọ lọ sí odò, tó gbé igbá jáde. Láti ìgbà tí UNESCO ti fi Igbó Ọ̀ṣun sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, èrò òkè òkun pọ̀ sí i. Ọjọ́ Arugbá ni yàrá máa ń tán, ọjọ́ yẹn náà ni owó máa ń gbéra. Tí kì í bá ṣe ọjọ́ Arugbá nìkan lẹ fẹ́ rí, ẹ wá ní ọjọ́ àtùpà, kí ẹ lọ sí Igbó Ọ̀ṣun lọ́jọ́ tí èrò kò sí, kí àwọn ọmọ ráyè wo àwọn ère àti ọ̀bọ dáadáa. Ṣùgbọ́n àtùpà yẹn, alẹ́ ni wọ́n ń tàn án ní ààfin, ó ń jó di ìdájí. Ẹ ṣètò ọkọ̀ tí yóò gbé yín padà sílẹ̀, torí kẹ̀kẹ́ kì í pọ̀ lóru. Ẹ béèrè bóyá hòtẹ́ẹ̀lì yín máa ń ti géètì, ní aago mélòó, ta ló sì máa ṣí i.

Iná ńkọ́? Ẹni tó bá mọ̀ pé Òṣogbo ni àwọn tó ń darí iná gbogbo Nàìjíríà jókòó sí lè rò pé iná kì í lọ níbí. Ó ń lọ. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi wọ́n ni Band tí títì wọn wà. Band A ló yẹ kó rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́ ó kéré tán, Band B 16, Band C 12. Lẹ́yìn náà, "Aago mélòó sí aago mélòó lẹ ń tan jẹnẹrétọ̀, ṣé ó ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù, àbí fáànù àti gílóòbù nìkan?" Ọ̀pọ̀ ibi ló ń tàn án ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n sì ń pa á láàárọ̀, kí àlejò tó jí. Èyí tó ní sólà tàbí ínfátà fún fáànù dáa fún oorun ju èyí tó ní jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ń pariwo lọ.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ yìí ní apá kan tó lè pa èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ́kùn-únkúndùn. Ní ilé àlejò kékeré, wọ́n lè gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, lábẹ́ fèrèsé yàrá. Nínú èéfín rẹ̀, gáàsì kan wà tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀. Ẹni tó ń sùn kò ní mọ̀ pé òun ń fà á símú. Ẹ rìn yí ilé náà ká lójú ọ̀sán, kí ẹ mọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà àti ibi tí ẹnu sàléńsà rẹ̀ kọjú sí. Tí ó bá sún mọ́ fèrèsé yín, tàbí tó wà lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú yín, ẹ má sùn níbẹ̀, bí owó rẹ̀ ti wù kó dínkù tó.

Omi rọrùn láti yẹ̀ wò. Ẹ ní kí wọ́n fi fídíò kékeré ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ẹni tó ń yà á ṣí ẹ̀rọ omi ọwọ́ àti ṣáwà papọ̀, kó sì fọ omi sí ilé ìyàgbẹ́ nínú fídíò kan náà. Fọ́tò lè ti pẹ́ ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n fídíò tí ẹ bẹ̀ wọ́n lónìí, tòní ni. Tí ẹ bá rí dúrọ́ọ̀mù ńlá àti ike ìbumi nínú balùwẹ̀, omi kì í sábà yọ níbẹ̀ nìyẹn. Odò Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ mu ún. Ìwakùsà góòlù lápá òkè odò ti da omi náà rú, ìjọba sì ti kìlọ̀ fún àwọn tó wá sọ́dún ní 2022 pé kí wọ́n má mu ún.

Ariwo kò lóògùn ní àárín ìlú. Ìpè àdúrà ìdájí, ìṣọ́ òru ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń já ẹrù ní Ọjà Ọba: gbogbo wọn ló tọ́ sí àyè wọn, àlejò ló máa mú ara rẹ̀ bá a mu. Yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìn ló sàn. Ẹ béèrè bóyá ilé ọtí tàbí gbọ̀ngàn àríyá wà nínú ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì náà, nítorí òpin ọ̀sẹ̀ ọdún ni àríyá máa ń pọ̀ jù.

Tí ẹ bá dé, ẹ má tíì tú ẹrù. Ẹ kọ́kọ́ ká aṣọ ìbùsùn kúrò ní igun fóòmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ojú rírán rẹ̀. Ìdun kì í gbé àárín, ojú rírán ló ń fara pamọ́ sí, àti ẹ̀yìn pákó orí bẹ́ẹ̀dì. Àmì dúdú wínníwínní bí ẹni pé wọ́n fi bírò tò ó, tàbí èèpo ara tó fúyẹ́, ti tó ẹ̀rí. Ẹ má gba yàrá tó kángun sí i, torí ìdun ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri àti ihò wáyà kọjá. Ẹ gba ti ọ̀nà jíjìn, tàbí kí ẹ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ilẹ̀kùn láti inú, kí ẹ rí i pé kọ́kọ́rọ́ yí. Ẹ wo nẹ́ẹ̀tì fèrèsé bóyá ó ti ya. Òjò oṣù Kẹjọ lè dá díẹ̀, ṣùgbọ́n odò kò jìnnà sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í ṣeré. Ẹ mú nẹ́ẹ̀tì tiyín dání fún àwọn ọmọ.

Owó: kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè bóyá VAT 7.5% wà nínú iye tí wọ́n dá tàbí wọ́n máa lé e lórí, oúnjẹ àárọ̀ èèyàn mélòó ló wà nínú rẹ̀, àti èló ni fóòmù àfikún fún ọmọ. Owó ìdúró (caution fee) tí wọ́n máa ń gbà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ lọ́tọ̀ lórí rìsíìtì, kí ẹ lè gbà á padà. Lásìkò ọdún, ohun tó ń bani nínú jẹ́ jù ni kí wọ́n fi yàrá yín lé ẹlòmíràn tó dá owó tó ju tiyín lọ. Ohun tó lè dín in kù ni pé kí ẹ san owó alẹ́ kan sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe orúkọ òṣìṣẹ́ kan, kí ẹ gba rìsíìtì tó ní ọjọ́ tí ẹ máa dé, ọjọ́ tí ẹ máa lọ àti iye yàrá. Ẹ pè wọ́n tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta. Kí ẹ sì dé kó tó di ìrọ̀lẹ́, torí yàrá tí ẹni tó ni ín kò tíì dé nígbà tí ilẹ̀ ṣú ni wọ́n ń kọ́kọ́ tà.

Lọ́jọ́ Arugbá, ẹ kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì kó tó di aago méje àárọ̀. Tí èrò bá ti jáde, ọkọ̀ kì í lè sún mọ́ ààfin tàbí ojú ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun mọ́, ibi tí kẹ̀kẹ́ bá já yín sí lẹ máa ti rìn. Ẹ má gbìyànjú láti fi màmá tẹ̀lé ìwọ́de láti ààfin dé odò: èrò ń tì, ilẹ̀ inú igbó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí ẹ̀bá odò. Kí ẹnì kan jókòó tì í níbi tó ti lè rí Arugbá nígbà tó bá ń kọjá lójú pópó, kí ẹ̀yin yòókù tẹ̀ síwájú. Ẹ fi ìwé tí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù sí há àpò ọmọ kọ̀ọ̀kan, torí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń ṣòro láàárín èrò.

Yàrá màmá gan-an, ẹ bá wọn sọ ọ́ ṣáájú: ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì tí kò ga jù, ilé ìyàgbẹ́ onígbọ̀nsẹ̀ àjókòó tí kò mì, àti balùwẹ̀ tí kò ní ìdènà gíga lẹ́nu ọ̀nà. Tí táìlì balùwẹ̀ bá ń yọ̀, ẹ ní kí wọ́n gbé àga rọ́bà kan wọ ibẹ̀ kí màmá lè jókòó wẹ̀, kí wọ́n sì gbé tòwẹ́ẹ̀lì tó nípọn sẹ́nu ọ̀nà. Hòtẹ́ẹ̀lì tó bá dáhùn pé "kò sí wàhálà" láìbéèrè ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ kò tíì gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Ẹ tún un sọ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.