Ẹ má pè é ní òṣé: ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ kó tó lọ sí Istanbul

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Balógun, mo sì fẹ́ lọ sí Istanbul fún ọjọ́ mẹ́wàá, ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyẹn. Mi ò gbọ́ Lárúbáwá tí wọ́n ń sọ. Ẹnì kan tó ti lọ rí ní àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ máa ń pòṣé síni. Kí ló yẹ kí n mọ̀ nípa àṣà àti ìtàn wọn, kí n má bàa ṣi ẹsẹ̀ gbé?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ òṣé yẹn ni kí a kọ́kọ́ mú, torí ó lè ba ọjà jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ará Túrkì bá fẹ́ sọ pé "rárá", ó lè má la ẹnu. Á gbé ojú sókè, á ju orí sẹ́yìn díẹ̀, ahọ́n rẹ̀ á sì dún "tsk" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn eyín. Òṣé ni etí Yorùbá máa gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀gàn kankan nínú rẹ̀. Òṣé tiwa a máa gùn, ètè la fi ń fà á, ẹni tí a pa á sí sì mọ̀ pé wọ́n bú òun. Tiwọn kò ju "kò sí" tàbí "kò gbà" lọ. Ẹ bi í bóyá ó ní ìwọ̀n tó tóbi ju èyí lọ, ó dún "tsk": kò ní in ni. Ẹ má bínú, ẹ má sì dá a padà fún un. Ẹ béèrè òmíràn.

Kì í ṣe Lárúbáwá ni wọ́n ń sọ. Èdè Túrkì dá dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yá ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ Lárúbáwá. Lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ ọ́ títí di oṣù kọkànlá ọdún 1928, nígbà tí ìjọba Mustafa Kemal Atatürk, ààrẹ àkọ́kọ́ Túrkì, fi òfin pa á dà sí ábídí irú èyí tí à ń lò. Ẹ lè ka pátákó ọ̀nà nìyẹn. Ẹni tó mọ Yorùbá kọ tilẹ̀ ní àǹfààní: ş tiwọn, tó ní ìrù nísàlẹ̀, ìró ṣ wa gan-an ni. Lẹ́tà c, bíi j nínú "jẹun" ni, torí náà cami, ìyẹn mọ́ṣáláṣí, "jaami" lẹ máa pè é. Ç dà bí ìgbà tí èèyàn pe t àti ṣ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan: çay, ìyẹn tíì, "tṣai" ni. Ğ kì í dún, ńṣe ló ń fa fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀ gùn.

Ohun tó máa yà yín lẹ́nu jù ni ìkíni wọn. A máa ń rò pé àwa nìkan la ní "ẹ kú" fún gbogbo nǹkan. Wọ́n ní in, ó sì pọ̀. Bí ẹ bá bá ẹnì kan lẹ́nu iṣẹ́, kolay gelsin ni: "kó wá nírọ̀rùn" ni ìtumọ̀ rẹ̀, "ẹ kú iṣẹ́" ni ìlò rẹ̀. Bí ẹ bá ń kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ sọ pé hayırlı işler, kí ọjà ó tà ire. Aláìsàn tàbí ẹni tí jàǹbá ṣe, geçmiş olsun, "kó di ohun tó ti kọjá", bí àwa ṣe ń sọ pé ẹ kú ewu. Ẹni tó se oúnjẹ fún yín, elinize sağlık, àlàáfíà fún ọwọ́ yín. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé irun pàápàá ní tirẹ̀: sıhhatler olsun. Bí wọ́n bá sì kí yín káàbọ̀ pé hoş geldiniz, ẹ má dákẹ́, hoş bulduk ni ìdáhùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ máa kọ́, ẹ kọ́ kolay gelsin. Ẹni tó tẹ orí mọ́ aṣọ tó ń dì á gbé ojú sókè, á dáhùn pé sağ olun, ojú tó máa fi wò yín lẹ́yìn ìyẹn á sì yàtọ̀.

Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nínú ọ̀rọ̀ bíi tiwa. Sen ni "ìwọ", siz ni "ẹ̀yin", ẹnì kan ṣoṣo sì lè jẹ́ siz bó bá jẹ́ àgbà tàbí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Sağ ol ni "o ṣé", sağ olun ni "ẹ ṣé". Ọkùnrin tó jù yín lọ díẹ̀ ni abi, obìnrin ni abla. Ẹ̀gbọ́n ni méjèèjì. Amca àti teyze wà fún ẹni tó lè bí yín. Ẹ ṣọ́ teyze o: obìnrin tí kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ gbọ́ ọ. Níbi iṣẹ́, orúkọ ẹni ló ń ṣáájú, Bey tàbí Hanım á tẹ̀lé e: Mehmet Bey, Ayşe Hanım.

Bey yẹn kò ṣàjèjì sí Èkó. Nígbà tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí tí Mohammed Shitta, oníṣòwò ará Èkó, kọ́ sí Òpópónà Martins ní ọdún 1894, Sultan Abdul Hamid Kejì ti ìjọba Ottoman, tó ń ṣàkóso Túrkì nígbà náà, fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá, Abdullah Quilliam láti Liverpool ló sì jẹ́ aṣojú Sultan níbẹ̀. Bí ìdílé náà ṣe di Shitta-Bey nìyẹn. Ní Túrkì fúnra rẹ̀, òfin oṣù kọkànlá ọdún 1934 ti fagi lé Bey, Efendi àti Paşa gẹ́gẹ́ bí oyè. Bey tó kù lẹ́nu wọn báyìí, bíi "ọ̀gbẹ́ni" ni.

Ní ti ọjà, Laleli, àdúgbò kan ní Istanbul, ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò aṣọ láti Áfíríkà ń lọ. Ẹ wo ara gíláàsì kí ẹ tó wọlé: ibi tí wọ́n bá kọ toptan sí, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń tà, perakende ni ti ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìdì aṣọ kan náà, láti ìwọ̀n kékeré dé ńlá, ni wọ́n ń pè ní seri. Ẹ béèrè iye aṣọ tó wà nínú seri kan, kí ẹ sì béèrè bóyá ti ẹyọ kan ni iye tí wọ́n dá tàbí ti gbogbo ìdì. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti máa ń dàrú. Kapalıçarşı, ọjà àtijọ́ tó ní òrùlé, kì í ṣí ní ọjọ́ Àìkú.

Wọ́n á gbé tíì wá fún yín, gbígbà á kò sì sọ pé dandan ni kí ẹ rajà. Gíláàsì kékeré tí ìbàdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò ní ibi ìdìmú, torí náà ẹ fi ìka méjì mú un létí òkè. Wọn kì í fi mílíìkì sí i. Bó bá le jù, ẹ ní kí wọ́n bu açık wá, kí omi rẹ̀ pọ̀. Bó bá tó yín, ẹ gbé ṣíbí dábùú ẹnu gíláàsì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á tún bù ú.

Ankara ni olú-ìlú, láti oṣù kẹwàá ọdún 1923, kì í ṣe Istanbul. Àwòrán Atatürk tí ẹ máa rí káàkiri, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́: òfin ọdún 1951 sọ bíbú u di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè torí rẹ̀ rán èèyàn lẹ́wọ̀n. Ní aago 9:05 àárọ̀ ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá, ìgbà tó kú ní 1938, fèrè á dún, ọkọ̀ á dúró lójú títì. Ẹ̀yin náà ẹ dúró. Ayasofya, tí wọ́n ṣí gẹ́gẹ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọdún 537, mọ́ṣáláṣí ni lẹ́ẹ̀kan sí i láti 2020. Obìnrin á bo orí. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, àlejò tó wá wòran ń san yúrò 25, òkè ni wọ́n sì ń gbà wọ́n sí.

Bí wọ́n bá pè yín wálé, ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Bí búrẹ́dì bá bọ́ sílẹ̀, ẹ má ta á nípàá. Ńṣe ni wọ́n ń mú un, tí wọ́n á fi ẹnu kò ó, tí wọ́n á fi kan iwájú orí, kí wọ́n tó gbé e sí ibi gíga.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ọjọ́ Iléyá. Kurban Bayramı ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ìsinmi rẹ̀, ti Ìtúnu Ààwẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, ìjọba a sì máa fi ọjọ́ kún un nígbà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á tì, bọ́ọ̀sì á kún. Ẹni tó bá dé lọ́sẹ̀ yẹn lè lo ìdajì ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀ láì rí ẹni tí yóò tajà fún un.