Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì ra ẹja lọ́jọ́ Sátidé

Ẹ ǹlẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní ẹ ra táńkì dígí tó gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹ gbin ewéko mẹ́rin sí i, ṣùgbọ́n kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tó ń jẹrà, tó ń já bọ́. Ẹ wá ní iná oníwáàtì mélòó ni kí ẹ rà. Mo ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná. Ohun tí ẹ sọ gbẹ̀yìn ló gbé mi dìde lórí àga: ẹ ní tó bá di Sátidé ẹ ó lọ kó ẹja mẹ́jọ wá torí pé àwọn ìbejì ò jẹ́ kí ẹ sinmi. Ẹ dákun, ẹ fi bisikíìtì tù wọ́n.

Èmi náà gba ọ̀nà yẹn lọ́dún 2016, ojú mi sì rí nǹkan. Lọ́jọ́ Ẹtì ni mo gbé táńkì wọlé. Mo da yanrìn sí i, mo fi omi ẹ̀rọ kún un, mo gbin ewéko. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi náà mọ́ gaara, inú mi dùn. Mo lọ bá ẹlẹ́ja. Ó ní, "Ṣé omi yín mọ́?" Mo ní ó mọ́. Ó ní, "Ó parí." Bó ṣe di ẹja 11 fún mi nínú ọ̀rá nìyẹn: guppy 6, swordtail 3, angelfish 2. Ó gba owó, ó kí mi kú oríire.

Ní ọjọ́ kẹta, gbogbo wọn ti gòkè sójú omi, wọ́n ń yọ ẹnu síta, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó sáré. Ẹ̀gbẹ́ orí wọn níbi tí wọ́n fi ń mí pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Mo pe ọ̀gbẹ́ni kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní ọ̀gá onímọ̀ ẹja, tó ń bá àwọn olóko àrọ̀ ṣiṣẹ́. Kò bẹ omi wò, kò béèrè ọjọ́ tí mo gbé táńkì kalẹ̀. Fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí i nìkan ló wò, ó ní àìsàn ni, kí n da oògùn apakòkòrò sí i. Owó oògùn náà ju owó ẹja lọ. Mo dà á sí i. Omi dàrú, ó funfun bí omi ògì, angelfish méjèèjì sì kú lóru ọjọ́ náà. Mo tún pè é. Ó ní kí n fi oògùn kún oògùn. Inú ṣì ń bí mi títí di òní yìí tí mo ń kọ ọ́.

Ìbẹ̀rù wá mú mi ṣe èyí tó burú jù. Mo da gbogbo omi náà nù, mo gbé yanrìn àti fóòmù tó wà nínú asẹ́ lọ sábẹ́ ẹ̀rọ, mo fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń tàn, mo sì da omi ẹ̀rọ tútù sí táńkì lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn omi ẹ̀rọ ń rùn bí omi tí wọ́n fi ń fọ ilé ìwòsàn. Kilórínì ni, èyí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ. Mo gba ọ́fíìsì omi ìlú tí mò ń gbé nígbà náà lọ, mo ní kí wọ́n kàn sọ fún mi bóyá wọ́n ti fi kún kilórínì lọ́sẹ̀ náà. Akọ̀wé wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹja lẹ fẹ́ fún lómi ni àbí èèyàn?" Ó ní kí n kọ lẹ́tà, kí n ṣe ẹ̀dà méjì. Mo kọ ọ́. Mo ṣì ń retí èsì. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹsàn-án, guppy ẹyọ kan ló kù nínú ẹja 11, ọmọ mi ọkùnrin kò sì bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Tíṣà bàyọ́lọ́jì kan tó ti fẹ̀yìntì ládùúgbò wa ló la ojú mi, kò sì gba kọ́bọ̀. Ó ní, "Ìyá yín kò ṣe irú rí ni?" Mo ní ó ń ṣe é. Ó ní ṣé ọjọ́ tó bá se igbá náà tán ló ń dì í tà? Ó ní bí irú ṣe ní láti jókòó nínú ewé kí nǹkan tí ojú ò rí ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni táńkì ṣe ní láti jókòó. Ẹja ń yàgbẹ́ sínú omi tó ń gbé, bó sì ṣe ń mí ni oró kan tí à ń pè ní amóníà ń jáde lára rẹ̀. Amóníà ló jó ẹja mi níbi tó fi ń mí. Kò láwọ̀, ẹ ò sì ní gbọ́ òórùn rẹ̀, ìyẹn ni omi fi lè mọ́ gaara kó sì máa pa ẹja. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ amóníà, tó ń sọ ọ́ di nitrite. Nitrite náà oró ni: ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ẹja dúdú bíi kọfí, kò sì ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́. Kòkòrò mìíràn ni í wá sọ nitrite di nitrate, èyí tí ewéko ń jẹ, tí ẹja sì lè fara dà bí kò bá pọ̀ jù. Inú fóòmù asẹ́ àti yanrìn ni àwọn kòkòrò wọ̀nyí ń gbé. Nígbà tí ọ̀gá onímọ̀ ní kí n da oògùn apakòkòrò sí omi, ta ni mò ń pa?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n fi máa ń pọ̀ tó. Ẹ máa bu oúnjẹ ẹja ìwọ̀nba bíńtín sí omi lójoojúmọ́ láìsí ẹja níbẹ̀, kó máa jẹrà kí àwọn kòkòrò rí nǹkan jẹ. Ẹ ra ohun èlò ìdánwò olómi, èyí tí wọ́n ń kán sínú ìgò kékeré. Ọjọ́ tí amóníà bá jẹ́ òdo, tí nitrite jẹ́ òdo, tí nitrate sì ti ń hàn, ọjọ́ náà ni kí ẹ pe ẹlẹ́ja. Bí ẹnì kan lágbègbè yín bá ní táńkì tó ti pẹ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ègé fóòmù asẹ́ rẹ̀, kódà kó dọ̀tí bí àkísà. Ìdọ̀tí yẹn ni ìwúkàrà táńkì. Bí ẹ bá sì fẹ́ fọ fóòmù tiyín, inú omi tí ẹ bù láti inú táńkì ni kí ẹ ti fún un, ẹ má gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ láéláé.

Ẹ ò sọ irú omi tí ẹ ń lò. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba, ẹ bù ú sí báfù di ọjọ́ kejì kí kilórínì lè fò lọ, tàbí kí ẹ lo oògùn tó ń pa á. Omi bóòhóòlù kò ní kilórínì, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kéré, àwọn kan sì ní irin tó máa ń pọ́n tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i. Ẹ bù ú sílẹ̀ náà, kí ẹ máa rò ó. Ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà ni kí ẹ máa pààrọ̀ lọ́sẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kọ́.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ náà ńkọ́? Lọ́dún kejì mo ra asẹ́ ńlá oníkẹ́gi tí ń dúró lábẹ́ tábìlì. Wọ́n mú iná lọ fún wákàtí 14. Àwọn kòkòrò inú kẹ́gi kú, omi ibẹ̀ kan, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Iná dé ní òru, asẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó da gbogbo ẹ̀gbin náà lé ẹja lórí nígbà tí a ń sùn. Láti ọjọ́ náà, asẹ́ fóòmù lásán ni mò ń lò, èyí tí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ń gbé, mo sì ní pọ́ǹpù mìíràn tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́.

Ewé yín wàyí. Mo lérò pé iná kọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ewéko tí wọ́n ń tà fún táńkì ló jẹ́ pé orí ilẹ̀ tútù ni wọ́n ti gbìn wọ́n, ewé wọn wà nínú afẹ́fẹ́. Tí wọ́n bá ti rì sínú omi, ewé ojú ilẹ̀ yóò kú, wọn yóò sì hu ewé omi tuntun. Ẹ gé èyí tó jẹrà kúrò, kí ẹ wo àárín rẹ̀ bóyá ọ̀mùnú ti ń yọ. Àmọ́ Anubias wà nínú mẹ́rin tí ẹ dárúkọ, ẹ sì ní ẹ "gbìn ín dáadáa". Mo bẹ̀rù gbólóhùn yẹn. Ará ilé ni Anubias, etí odò wa ní gúúsù Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ló ti ń hù lórí òkúta àti igi. Apá tó nípọn lára rẹ̀ tó dà bí ata ilẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú yanrìn, yóò jẹrà ni. Ẹ fi òwú so ó mọ́ òkúta, kí gbòǹgbò máa rọ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ wá ojúoró díẹ̀ sí i. Ó ń jẹ amóníà bí ẹlẹ́bi. "Ojúoró ní í lékè omi" sì ni àdúrà wa, nínú táńkì ṣá o, àdúrà náà máa ń gbà jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò bo gbogbo ojú omi, ìmọ́lẹ̀ ò ní rọ́nà kọjá. Ẹ máa kó ìdajì dà nù, sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kì í ṣe sínú gọ́tà tàbí odò. Ohun tí ewéko orí omi ṣe fún àwọn ọlọ́kọ̀ lórí ọ̀sà Èkó ti tó. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ odò lọ já a fún yín. Àwọn ìgbín odò kéékèèké kan ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, wọ́n sì lè fara pamọ́ sí gbòǹgbò rẹ̀, àwọn ìbejì yóò sì fẹ́ ti ọwọ́ bọ omi. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́ ọ nínú báfù.

Mo ti ń lọ jìnnà. Iná: èyí tí mò ń lò lórí táńkì tó tó tiyín jẹ́ LED funfun oníwáàtì 12, ó sì tó fún Anubias. Wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá ju mẹ́jọ lọ, ohun aláwọ̀ ewé tí ń yọ̀ lára kànga yẹn yóò bo dígí. Ẹ má gbé táńkì sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Gáàsì CO2 fún ewéko, tí ẹ ní aládùúgbò ní kí ẹ rà, ẹ fi sílẹ̀ fún aládùúgbò.

Tábìlì ńkọ́? Bí ìbú táńkì yín bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 tí gíga rẹ̀ jẹ́ 36, omi nìkan yóò tó lítà 65, ìyẹn kílò 65, ó wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì lọ láìka dígí àti yanrìn. Wáyà gbọ́dọ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ ju sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ kó tó gòkè lọ síbẹ̀, kí omi tó bá tẹ̀lé e máa kán sílẹ̀. Ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì kí ọwọ́ tó wọ omi.

Ẹ pe ẹlẹ́ja yẹn lónìí, kó má bàa di ẹja sọ́tọ̀ dè yín. Kí ẹ sì ya fọ́tò ìdí Anubias yẹn fún mi, kì í ṣe ewé rẹ̀.