Abẹ́rẹ́ Tán, Nọ́ọ̀sì Ò Wá Mọ́: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Ìtọ́jú Àìsàn Ọpọlọ

Láti ìgbà tí owó ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ti ń fà sẹ́yìn ní àwọn ilé ìlera ìjọba ni lẹ́tà ti ń wọlé wá láti Kétu, Àjàṣẹ́ àti Sábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bénin. Mẹ́rin la mú níbí, nítorí pé ohun tí wọ́n béèrè ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí àbúrò mi ọkùnrin ti ń gba abẹ́rẹ́ lóṣooṣù. Ara rẹ̀ balẹ̀, ó ń lọ sóko. Nọ́ọ̀sì tó máa ń gbé alùpùpù wá ò wá mọ́ láti oṣù méjì, wọ́n ní kò sówó epo. A dé ilé ìlera, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ti tán. Bàbá wa ní kó sinmi oògùn ná, pé ó ti yá. Kí ni ká ṣe? — Ìyá Ìbejì, Kétu

Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kó sinmi oògùn. Ẹ rọra bá Bàbá sọ ọ́ pé abẹ́rẹ́ yẹn ló jẹ́ kí ara ọmọ balẹ̀. Fluphenazine decanoate tàbí haloperidol decanoate ni abẹ́rẹ́ olóṣooṣù sábà máa ń jẹ́, inú òróró ni wọ́n sì pò ó sí. Tí wọ́n bá gún un sínú ẹran ara, díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí àìsàn kì í fi í padà lọ́jọ́ tí ẹ pàdánù abẹ́rẹ́. Ó lè pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tiẹ̀ lè pé oṣù mélòó kan. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ ìdílé jẹ nìyẹn. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i pé kò gbà á, kò sì ṣe é ní nǹkan kan." Nígbà tó bá fi máa ṣe é ní nǹkan, wọn ò ní rántí abẹ́rẹ́ mọ́, ayé ni wọ́n máa sọ pé ó ń ṣe é.

Oṣù méjì ti kọjá lórí tiyín, ẹ má dúró de nọ́ọ̀sì mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú òun àti ìwé ìlera rẹ̀ lọ sí ilé ìlera, kí ẹ ní kí wọ́n kọ nǹkan mẹ́rin sínú rẹ̀ kedere: orúkọ oògùn náà gan-an, kì í ṣe orúkọ ọjà tí ilé iṣẹ́ fi sára páálí, iye mílígíráàmù tó ń gbà, ọjọ́ tó gbà á kẹ́yìn, àti oògùn tí wọ́n ń fún un kí abẹ́rẹ́ má baà mú kí iṣan ara rẹ̀ gan, tó bá ń lo irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bóyá ó lè máa lo hóró haloperidol títí abẹ́rẹ́ yóò fi dé. Hóró sábà máa ń rọrùn láti rí ju abẹ́rẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fúnra yín ṣírò rẹ̀ láéláé. 25 mílígíráàmù inú abẹ́rẹ́ olóṣooṣù kì í ṣe 25 mílígíráàmù hóró lójúmọ́, ẹni tó bá fi ọgbọ́n orí ṣe pàṣípààrọ̀ yẹn lè ṣe aláìsàn léṣe gidi. Oníṣègùn ni kó kọ iye rẹ̀.

Bí ilé ìlera bá ní nínú yàrá oògùn tútù ni àwọn máa ń tọ́jú rẹ̀, tí fíríìjì sì ti bàjẹ́, ẹ fi sùúrù bá wọn sọ ọ́ pé abẹ́rẹ́ méjèèjì tí a dárúkọ yìí kò nílò fíríìjì. Ibi tí oòrùn ò dé, tí kò gbóná jù, ti tó o. Ó dùn wá pé a ti gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé fíríìjì ni wọ́n dá lẹ́bi fún oògùn tí kò nílò yìnyín.

Bí kò bá sí rárá, Kétu àti Adja-Ouèrè wà lábẹ́ ilé ìwòsàn ẹkùn tó wà ní Pobè. Tó bá kọjá agbára ibẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba fún àìsàn ọpọlọ wà ní Jacquot ní Kútọnu, ilé ìtọ́jú Saint Camille sì wà ní Avrankou, lẹ́bàá Àjàṣẹ́. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó san owó mọ́tò, ẹ bi wọ́n ní orúkọ oògùn náà bóyá ó wà nílẹ̀ lónìí. Àwọn kan láti Kétu máa ń gba Ìmẹ̀kọ lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta, ní Nàìjíríà. Kò burú, ṣùgbọ́n ìwé tiyín Faransé ni, tọ̀hún Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ oògùn gan-an tí ẹ ní kí wọ́n kọ yẹn ni àwọn méjèèjì jọ máa kà.

Ẹ má rà á lójú ọ̀nà. Látìgbà tí ìjọba ti kó oògùn kúrò ní Adjégounlè, lọ́jà Dantokpa, lọ́dún 2017, ẹni tó ń tà á ní kọ̀rọ̀ ò tán. Oògùn tí oòrùn ti pa kò ní ṣiṣẹ́, ẹ̀yin á sì rò pé àìsàn ló le sí i.

Àmì tí ẹ óò máa wò pé àìsàn fẹ́ padà nìyí: kò sùn fún òru méjì sí mẹ́ta léra wọn, ó ń fura sí oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ sè, kò fẹ́ wẹ̀ mọ́, ó ń dá sọ̀rọ̀. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó máa ń kọ́kọ́ yọjú lára tirẹ̀. Ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Bí ọrùn rẹ̀ bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ojú rẹ̀ yí sókè tí kò sọ̀kalẹ̀, tàbí tí ahọ́n rẹ̀ le lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ hóró, oògùn ló fà á, kì í ṣe èpè. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, oògùn tó ń tú u wà. Bí ara rẹ̀ bá le gbandi tí ibà ńlá sì mú un, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, kódà lóru.

Ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní wárápá. Phenobarbital ló ń lò. Ó ti ń wọ́n ní fámásí, mo wá ń gé hóró kan sí méjì kó lè pẹ́. Ṣé ó burú? — Ìyá Sikírá, Àjàṣẹ́

Ó burú, Ìyá Sikírá, a ò sì dá yín lẹ́bi. Nínú gbogbo oògùn tí a ń sọ yìí, phenobarbital ló léwu jù láti já lójijì. Ọpọlọ ti mọ́ ọn lára. Bí ó bá dínkù lẹ́ẹ̀kan náà, gìrì lè máa wá léra wọn láìdúró, ìyẹn sì lè pa ọmọ. Bí hóró tó kù nílé kò bá ju ti ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ ti pẹ́ nìyẹn, ẹ tètè lọ. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ti ń gé e, àti láti ọjọ́ wo, kí ó lè mọ bí yóò ṣe dá a padà. Bí kò bá sí mọ́ rárá, dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀ sí carbamazepine tàbí òmíràn, ṣùgbọ́n ó máa ń fi èkínní wọ inú èkejì díẹ̀díẹ̀ ni.

Ọ̀kan nínú ohun tó ń mú un wọ́n ni pé oògùn abẹ́ òfin ni. Ìwé tí wọ́n fi ń bèèrè rẹ̀ ju ti pàrásítámọ̀ lọ, ilé oògùn tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti dínkù sì máa ń sún un síwájú.

Bí gìrì bá mú un: ẹ dá a dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ wo aago. Ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má da epo tàbí ìtọ̀ màlúù sí i lọ́fun, ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà á. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wá zẹ́mì (ọ̀kadà) tàbí mọ́tò, ilé ìwòsàn ni. Itọ́ rẹ̀ kì í ranni. Kí ẹni tó wà nítòsí fọwọ́ kàn án.

Ilé àdúrà kan ní kí a fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, pé wọ́n á fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é títí yóò fi yá. Owó ilé ìwòsàn ò sí. — Adéníkẹ̀ẹ́, Kétu

Ẹ lè gbàdúrà, ẹ sì lè lọ sọ́dọ̀ bàbá oníṣègùn, ṣùgbọ́n kí oògùn má dúró, kí ẹnikẹ́ni má sì dè é. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ò wo àìsàn kankan. Egbò ọrùn ẹsẹ̀ ló ń dá síni lára, àti ìbínú tí kì í tán. Ní Kétoukpè, nítòsí yín níbẹ̀, ni wọ́n ti bí Grégoire Ahongbonon, ẹni tó ń tún táyà ṣe kó tó dá ẹgbẹ́ Saint Camille sílẹ̀ ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Iṣẹ́ rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ni títú àwọn aláìsàn tí wọ́n dè bẹ́ẹ̀ kúrò lára igi. Ẹ bi wọ́n léèrè ní Avrankou. Nípa owó, ẹ lọ sí GUPS ti kọ́múùnù yín, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ìrànwọ́ aráàlú, èyí tí gbogbo ayé ṣì ń pè ní CPS, kí ẹ béèrè bóyá orúkọ ìdílé yín wà lára àwọn tí ARCH, ètò ìjọba fún àwọn aláìní, ń san owó ìtọ́jú fún.

Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìlera àdúgbò wa. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà ló gé owó, àwọn kan ní ìjọba tiwa ni. Ta ló gé e gan-an, kí sì ni a lè béèrè? — Bàbá Àbẹ̀ní, Sábẹ̀ẹ́

Bàbá, ọ̀nà méjèèjì ló ti wá, ṣùgbọ́n owó náà ò tó láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2025 pé ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún owó ìlera ni àwọn ìjọba sábà máa ń ná sórí ìlera ọpọlọ, kò sì kúrò níbẹ̀ láti ọdún 2017. Àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ń ná tó dọ́là 65 lórí ẹnì kan lọ́dún, àwọn tó tòṣì jù ń ná 0.04 dọ́là, kò tó 25 sefà. Bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé ní Abuja, lọ́dún 2001, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná wọn fún ìlera.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ rẹ̀ dúró, wọ́n sì ti USAID, àjọ tó ń pín owó náà, pa ní ọjọ́ kìíní oṣù keje. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà ti kéde pé ìrànwọ́ tirẹ̀ yóò sọ̀kalẹ̀ láti ìdá 0.5 sí ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún wọn tó bá fi di 2027. Ibà àti àrùn kògbóògùn ni ọ̀pọ̀ owó yẹn wà fún, ẹ ó wá ní kí ló kan aláìsàn ọpọlọ. Nọ́ọ̀sì kan náà ni, alùpùpù kan náà ni. Ẹni tó ń gbé oògùn ibà lọ sí abúlé ló ń mú abẹ́rẹ́ olóṣooṣù dání. Bí owó epo ti àkọ́kọ́ bá lọ, èkejì bá a lọ. Ilé ṣì dúró, pátákó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà ẹni tó bá kọjá lójú títì kò ní mọ̀ pé nǹkan kan dínkù.

Ibi tó yẹ kí ìgbìmọ̀ yín tẹpẹlẹ mọ́ ni ìwé tí ẹ fi ń bèèrè oògùn. Látìgbà ètò Bamako ti ọdún 1987, owó oògùn tí a bá tà la fi ń ra òmíràn. Oògùn ọpọlọ kì í yára tà bíi ti ibà, ìgbìmọ̀ sì máa ń bẹ̀rù pé yóò bàjẹ́ sí wọn lọ́wọ́, ni wọ́n bá ń bèèrè díẹ̀. Ó tún wá ní ìdẹkùn kan nínú. Ká ní nínú 90 ọjọ́, ẹ lo 900 hóró phenobarbital, ṣùgbọ́n 45 ọjọ́ péré ni oògùn fi wà lórí pẹpẹ. Bí ẹ bá kọ pé "a lo 900," 900 náà ni wọ́n máa fún yín lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò sì tún tán ní ìdajì. Ẹ fi ọjọ́ tí oògùn wà nílẹ̀ pín in: 900 sí 45 jẹ́ 20 lójúmọ́. 20 lọ́nà 90 jẹ́ 1,800. Iye tí ìlú yín nílò nìyẹn. Ẹ máa kọ ọjọ́ tí oògùn tán àti ọjọ́ tó dé sínú ìwé, ọjọ́ gan-an, nítorí láìsí i, àìtó oògùn á máa dà bí ẹni pé kò sí aláìsàn.

Kí ẹ tún ka orí. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, iye ni kí ẹ kọ. Bí àwọn tó ń lo hóró 100 mílígíráàmù kan lójúmọ́ bá jẹ́ 20, oṣù mẹ́ta jẹ́ 1,800, ẹ fi ti oṣù kan kún un fún ìpamọ́, ó di 2,400. Bí àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ bá jẹ́ 8, oṣù mẹ́ta jẹ́ 24, pẹ̀lú ìpamọ́ 32. Ẹ má gbàgbé sírínjì 32 pẹ̀lú abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 21, nítorí òróró kì í gba ojú abẹ́rẹ́ tínrín kọjá. Àìsí ìwọ̀nba nǹkan bẹ́ẹ̀ ti dá ìtọ́jú dúró nígbà tí oògùn wà nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, epo. Bí nọ́ọ̀sì bá ń yí abúlé yín po lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, tí ìrìn kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60 kìlómítà, 120 ni. Alùpùpù tó ń jẹ lítà mẹ́ta ní 100 kìlómítà kò ní jẹ tó lítà mẹ́rin. Lítà mẹ́rin lóṣù ló wà láàárín ènìyàn mẹ́jọ àti àìsàn tó ń padà bọ̀. Ẹ kọ iye yẹn gan-an sínú lẹ́tà yín, ẹ má kọ "ẹ ràn wá lọ́wọ́" lásán, kí ẹ sì sọ irú ẹni tó máa buwọ́ lu ìwé nígbà tí epo bá dé.

Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ CA (olórí arọ́ńdísímáà yín) àti méèrì kí ọdún tó parí, nígbà tí ìgbìmọ̀ kọ́múùnù ṣì ń jókòó lórí ìṣúná ọdún tó ń bọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún wọn, ọ̀kan fún ọ̀gá dókítà ẹkùn Sábẹ̀ẹ́ àti Ouèssè, ẹ̀kẹta ni kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lé kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ó wà lọ́wọ́ yín.