Ẹ Bi Wá: Ènìyàn àti màlúù lábẹ́ òrùlé kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kà á pé láyé àtijọ́, àwọn àgbẹ̀ orí òkè ní Wales máa ń bá màlúù gbé inú ilé kan náà. Ṣé ìtọ̀ ẹran kì í ṣàn bá wọn nídìí ààrò ni? (Òǹkàwé yín, Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Kì í ṣàn bá wọn, torí apá ibi tí ilẹ̀ dà sí ni wọ́n ń so màlúù mọ́. Ìdí ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé á gbẹ́ ara òkè wọnú, á kó yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ dà sápá ìsàlẹ̀ títí ojú ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó. Bí ilé bá dábùú òkè, gbogbo ògiri ẹ̀yìn ni omi máa kọlù. Nítorí náà, orí ilé tó ṣe tóóró ni wọ́n ń kọ sí òkè. Wọ́n á tún gbẹ́ kòtò yí orí náà ká, kí omi lè pín sọ́tùn-ún sósì. Bí kòtò yìí bá dí, omi á dúró sẹ́yìn ògiri, á máa sun wọlé. Nísàlẹ̀ ńkọ́? Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà síbẹ̀ lè rì, kí ògiri sì sán.

Ìdílé wà lókè pẹ̀lú ààrò, màlúù wà nísàlẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan, tó ní ilẹ̀kùn méjì tó kọjú síra, ló pín wọn níyà. Gọ́tà la ilẹ̀ ilé ẹran já, ó sì gba ìdí ògiri ìsàlẹ̀ jáde.

Ẹ má rò pé gbogbo ilé gígùn orí òkè ló gba màlúù o. Aileen Fox, onímọ̀ ìwalẹ̀ tó ń wá ohun àtijọ́, hú irú ìdí ilé bẹ́ẹ̀ ní Gelligaer, ní gúúsù Wales, láàárín 1930 sí 1939. Ilẹ̀ òkè wọ̀nyẹn ní ásíìdì tó ń jẹ egungun ẹran, nítorí náà gọ́tà ló kù tó lè jẹ́rìí. Níbi tí kò bá ti sí gọ́tà, a ò ní pè é ní ilé màlúù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé nílùú, tẹ́ ẹ tún ní abà lóko, á tètè yé yín: lédè Wales, hendre ni ilé àfonífojì, hafod ni ti orí òkè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, wọ́n á da màlúù gòkè lọ jẹko, wọ́n á máa fún wàrà, wọ́n á máa ṣe bọ́tà àti wàràkàṣì. Tó bá di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Ìta ni màlúù lè sùn nígbà ooru. Òtútù ló ń lé wọn wọlé, ìdí nìyẹn tí ilé orí òkè fi lè wà láìgba màlúù.

Ẹni tó bá dé St Fagans, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tó wà lẹ́bàá Cardiff, kó béèrè ilé àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Cilewent. Igi ni wọ́n fi kọ́ ọ ní nǹkan bí 1470, kí wọ́n tó fi òkúta pààrọ̀ ògiri rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni tèèyàn tẹran máa ń gbà wọ ibẹ̀ nígbà náà.