Kí ni mo lè fi kọ́ àwọn ọmọ prámárì kejì ní onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin àti róbótó láì náwó? (Àkúrẹ́)

Igi ìgbálẹ̀, òwú, okùn àti agolo mílíìkì ti tó. Ẹ gé igi ìgbálẹ̀ tó le sí gígùn kan náà, kí ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní méje: mẹ́ta fún onígun mẹ́ta, mẹ́rin fún onígun mẹ́rin. Òwú tàbí rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ni kí wọ́n fi so orígun wọn.

Ibi tó dùn jù rèé: ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ ti igun kan. Onígun mẹ́rin á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Onígun mẹ́ta ò ní yẹ̀. Tí ẹ bá wá so igi tó gùn díẹ̀ sí i láti igun kan dé igun tó kọjú sí i, onígun mẹ́rin náà á dúró. Ẹ mú wọn lọ wo igi òrùlé ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, kò wọ́n ní Àkúrẹ́ níbí, kí wọ́n fúnra wọn wá onígun mẹ́ta tí káfíńtà kàn síbẹ̀.

Fún róbótó, ẹ ri èèkàn mọ́ iyanrìn, ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ọmọ kan fà á le, kó fi igi ya ilẹ̀ yípo. Mo fẹ́ràn èyí ju kí wọ́n ya ìdí agolo lọ, torí agolo kì í fi àárín hàn. Agolo wúlò fáwọn tó dàgbà díẹ̀: kí wọ́n fi òwú wọn ìbú ẹnu rẹ̀, kí wọ́n gé e níbẹ̀, kí wọ́n wo iye ìgbà tí wọ́n máa tẹ́ òwú náà tẹ̀léra kó tó yí agolo ká lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ó lé díẹ̀ ni, agolo yòówù kó jẹ́.