Èsì: Ẹ̀fọ́ wo ló yẹ ká gbìn sẹ́yìnkùlé?

Àǹtí mi, ẹ ní ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé yín l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ò ju ebè méjì lọ, ẹ wá ń bèèrè bóyá kábéèjì lẹ máa gbìn. Ha, ẹ fi kábéèjì sílẹ̀ jàre, ó lè tó oṣù mẹ́ta, kòkòrò á sì ti jẹ ẹ́ kẹ́ ẹ tó rí nǹkan kan mú, ẹ lọ rà á lọ́jà Ouando. Tẹ̀tẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbìn, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ẹ ti ń jẹ ẹ́, tẹ́ ẹ bá gé e lókè tẹ́ ẹ ò fà á tu á tún rú, ẹ̀fọ́ gbọma náà máa ń rú bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá gé e. Ewúro ńkọ́? Igi ẹ̀ lásán lẹ máa rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Èmi ò gbin tòmátì mọ́, òjò oṣù kẹfà ló máa ń bà á jẹ́ fún mi. Ata igi mẹ́ta ti tó yín.